Láti Ìyànà-Ìbà dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ oníjẹjẹrẹ: Àwọn sitúdẹ́ńtì tí wọn kì í yẹ àdéhùn

Ẹni tó bá mọ Ìyànà-Ìbà dáadáa yóò gbà pẹ̀lú mi pé ibẹ̀ kì í sùn. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, àwọn kọ́ńdọ́ ti ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó: "Máìlì Tù! Máìlì Tù! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Lápá kan, àwọn oní-kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kó èèyàn lọ sí Ìbà àti géètì LASU. Lápá kejì, ìyá alákàrà ti gbé agbada kaná, èéfín àkàrà ń bá èéfín mọ́tò jà lójú ọ̀nà. Àárín ariwo yìí ni mo dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tí mò ń retí àwọn sitúdẹ́ńtì méjì tí mi ò fojú rí rí.

Kí n má parọ́ fún yín, mo ti rò ó pé wọn ò ní í wá. Sitúdẹ́ńtì wo ló máa jí ní ìdájí Sátidé nígbà tí kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣèdánwò? Àwa oníròyìn gan-an la bà á jẹ́. Tí wọ́n bá ti dárúkọ sitúdẹ́ńtì Òkókómaikò, ohun tí a máa ń kọ kò ju ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ọ̀rọ̀ ọmọ Yahoo àti ọ̀rọ̀ pátì tó di ìjà lóru. Ìwé ìròyìn á sì tà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹ àkàrà mi tán tí àwọn méjèèjì fi yọ, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, obìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú pé ẹ ti ń dúró dè wá."

Nínú ọ̀rá tí wọ́n gbé dání, ìwé àwòrán wà níbẹ̀, pẹ́ńsù aláwọ̀ mèremère wà níbẹ̀, ọṣẹ ìfọwọ́ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má kọ orúkọ àwọn, kí aráyé má lọ sọ pé torí òkìkí làwọn ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, iṣẹ́ tí kálukú wọn ń kọ́ ni mo máa fi pè wọ́n. Ọkùnrin yẹn ń kọ́ ìṣirò owó, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Akáǹtì. Obìnrin yẹn ń kọ́ eré orí ìtàgé, Tíátà lorúkọ tiẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ ni ọsibítù ńlá kan nígboro Èkó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní àìsàn jẹjẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń lọ, ó sì ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

ÌLÚ ÀWÓRÌ TÓ DI ÌLÚ SITÚDẸ́ŃTÌ

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò bá mọ agbègbè náà, ìlú Àwórì ni Ọjọ́ àti Ìbà láti ìpilẹ̀ wá. Ọlọ́jọ́ lọba Ọjọ́, Oníbà lọba Ìbà. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Volkswagen pọ̀ ní iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Àgbádárìgì níbẹ̀. Àwọn Jámánì ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n títí dòní, "Volks" làwọn kọ́ńdọ́ ṣì ń pe ibùdókọ̀ náà. Ọjà Àlábà, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò, tẹlifíṣàn àti gbogbo ohun tó ń lo iná mànàmáná, kò jìnnà síbẹ̀. Ní 1983 ni ìjọba Alhaji Lateef Jakande wá dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní Ọjọ́. Láti ìgbà náà làwọn sitúdẹ́ńtì ti kún Òkókómaikò àti Ìbà, tó fi jẹ́ pé ilé tí wọn ò bá fi yàrá ibẹ̀ háyà fún sitúdẹ́ńtì kò pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí ohun kan. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn LASU kò sí ní Ọjọ́, Ìkẹjà ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù LASUTH. Àwọn tó ń kàwé ní Ọjọ́ ni àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ìtàn, òwò, eré ìtàgé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó lè gún ọmọ lábẹ́rẹ́ nínú wọn. Kí ló wá gbé Akáǹtì àti Tíátà dé wọ́ọ̀dù àwọn oníjẹjẹrẹ?

"Ọmọ aládùúgbò mi ni, ẹ̀gbọ́n," Akáǹtì dá mi lóhùn. Nínú ọgbà ilé tó ń gbé ní Ìbà, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹja tútù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ikùn rẹ̀ ń wú. Wọ́n kọ́kọ́ ní aràn ni, wọ́n ra oògùn aràn. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìyà oúnjẹ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní àwọn ọ̀tá ìyá rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tó tẹ̀ ẹ́ níkùn, tó ní kí wọ́n lọ yàwòrán inú rẹ̀, oṣù mẹ́ta ti lọ. Jẹjẹrẹ kíndìnrín ni, irú èyí tó máa ń ṣe àwọn ọmọdé. Akáǹtì ló bá ìyá náà gbé ọmọ náà wọ mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí ọsibítù ńlá. Ìgbà tó débẹ̀ ló rí àwọn ọmọ yòókù.

ÀÌSÀN KAN, MỌ́TÒ MẸ́TA

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí gan-an wà lára àìsàn náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti Ìyànà-Ìbà, a kọjá Volks, a kọjá Àlábà, a kọjá Trade Fair àti Fẹ́sítáàkì, ká tó dé Máìlì Tù. Ní 2009 ni ìjọba Babátúndé Fáṣọlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ ọ̀nà yìí lójú, kí rélùwéè sì gba àárín rẹ̀ láti Òkókómaikò lọ dé Marina, nǹkan bíi kìlómítà 27. Ní September 4, 2023, ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Marina sí Máìlì Tù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i. Òkókómaikò tí wọ́n fi sọ ọ̀nà náà lórúkọ látìbẹ̀rẹ̀, mọ́tò ló kù wọ́n kù.

Ní Máìlì Tù, ẹni tó ń lọ sí LUTH yóò wọ mọ́tò Ọ̀ṣòdì, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìtìrẹ́, yóò tún wọ òmíràn lọ sí Ìdí-Àràbà. Ẹni tó ń lọ sí LASUTH yóò dé Ọ̀ṣòdì, yóò tún wọ ti Ìkẹjà. Mọ́tò mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀. Ẹ wá ro ìyá tó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òògùn jẹjẹrẹ dání, ọmọ náà ń bì, àwọn èrò ń wò wọ́n bákan, kọ́ńdọ́ ń béèrè owó àga méjì. Bí ó ṣe ń dé ilé lálẹ́ yìí náà ni ẹja tí kò rí tà ń jẹrà nínú omi yìnyín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò tún lọ.

Àwọn aláwọ̀ funfun ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1974, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ronald McDonald House, kí àwọn òbí tọ́mọ wọn ń gba ìtọ́jú lè ríbi sùn nítòsí ọsibítù. Agbábọ́ọ̀lù kan, Fred Hill, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, wà lára àwọn tó fa iṣẹ́ náà. Òun náà ti sùn lórí àga ọsibítù rí, ó mọ bó ṣe ń rí.

"ÀLỌ́ O!"

Nítorí àwọn ọmọ náà, mi ò ní í dárúkọ ọsibítù tí a lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nígbà tí a débẹ̀ ni pé wọ́n fọwọ́, wọ́n sì ní kí èmi náà fọ tèmi. Akáǹtì bi mí bóyá ọ̀fìnkìn ń ṣe mí. Ó ní ká ní ó ń ṣe mí ni, ìta ni mo máa jókòó sí, nítorí òògùn tí àwọn ọmọ náà ń gbà máa ń sọ agbára ara wọn di kékeré, ọ̀fìnkìn lásán lè gbé ọmọ dá sílẹ̀. Ó tún ní kí n fi kámẹ́rà mi sínú báàgì. Inú mi ò dùn, ṣùgbọ́n mo fi í síbẹ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ láti sunkún. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀. Tíátà dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Àlọ́ o!" Àwọn ọmọ orí-kodoro yẹn, tí irun wọn ti re tán, dáhùn tariwo-tariwo: "Àlọ̀!" Ìjàpá wá di alábòyún lójú gbogbo wa, àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá dúró wò ó. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń fa omi sí lára ni Akáǹtì jókòó sí ní tiẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà ka bí omi náà ṣe ń kán. Ọmọ náà ka ogún ní ìṣẹ́jú kan. "Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́rin ńkọ́?" Ọmọ náà wo òkè, ó ka ìka, ó ní ọgọ́rin. Ọdún kan ni ọmọ yẹn kò ti dé kíláàsì.

Àmọ́ tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá, àlọ́ àti ìṣirò kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Obìnrin kan sọ fún mi pé, "Ọ̀gá oníròyìn, tí wọ́n bá ti dé báyìí, mo máa ń lọ wẹ̀. Mo máa ń sùn fún wákàtí kan gbáko. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí." Òun nìkan ló ń tọ́jú ọmọ rẹ̀. Tó bá lọ ra oògùn, kò sẹ́ni tó máa bá a dúró ti ọmọ.

Ẹ̀jẹ̀ náà ń bẹ ńbẹ̀ o. Òògùn jẹjẹrẹ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, wọ́n á sì nílò láti fún un ní ti ẹlòmíràn. Èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ẹ̀jẹ̀ wa kì í pẹ́ bà jẹ́, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lè fi pa á mọ́. Kò ṣe é kó jọ títí. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ti pé ọdún 18, lè fún wọn lẹ́jẹ̀, ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Akáǹtì kọ ọjọ́ tí kálukú wọn fún wọn lẹ́jẹ̀ sínú ìwé kan, kí wọ́n má baà ṣì í kà.

ÀÌSÀN TÓ ṢEÉ WÒ, TÍ A KÌ Í WÒ TÁN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé jẹjẹrẹ ọmọdé, ikú ni. Irọ́ ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọ, láti ìkókó dé ọmọ ọdún 19, ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn ìlú olówó, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí kò lówó, kò tó 30. Ọmọ kan náà ni, àìsàn kan náà ni. Ohun tó fà á ni pé a kì í tètè gbé ọmọ lọ, wọ́n lè má tètè mọ ohun tó jẹ́, òògùn ń wọ́n, àti pé ọ̀pọ̀ òbí ń já ìtọ́jú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ní 2018, WHO ní òun fẹ́ kí ó kéré tán 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ wọ̀nyí máa yè títí tó bá fi di 2030.

Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti rí i pé òògùn lè ṣẹ́gun jẹjẹrẹ ọmọdé. Ní 1958, dókítà kan tó ń jẹ́ Denis Burkitt kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú ní Uganda. Ní 1961, òun àti ẹni méjì mìíràn wa mọ́tò àtijọ́ kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó tó 10,000 máìlì, láti mọ ibi tí àìsàn náà wà àti ibi tí kò sí. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé wíwú ńlá yẹn ń fà sẹ́yìn tí wọ́n bá fún ọmọ ní òògùn. Wọ́n ṣì ń fi orúkọ Burkitt pe àìsàn náà. Ẹ tún wo òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú kékeré kan tó ń hù lẹ́yìnkùlé wa, tí ewúrẹ́ ń kọjá lára rẹ̀: lára irú rẹ̀ ni wọ́n ti rí vincristine, òògùn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Kò ràn o. Ọmọ rẹ lè bá oníjẹjẹrẹ ṣeré. Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọmọdé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á, kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà tó lóyún, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ baba.

ỌMỌ TÓ Ń RETÍ ADÉ

Nígbà tí à ń jẹun níta ọsibítù, mo bi Tíátà léèrè ìdí tí wọn kì í fi í ṣèlérí fún àwọn ọmọ náà. Mo ti ṣàkíyèsí pé tí ọmọ kan bá ní, "Àǹtí, ẹ bá mi ra báyìí," ohun tó máa ń sọ ni pé, "Màá gbìyànjú." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òun ló máa ń ṣe olorì nínú àlọ́. Tíátà sọ fún un pé òun máa fi páálí ṣe adé fún un tóun bá tún ń bọ̀. Ìdánwò dé, kò lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn tún pé, ìdánwò ò tíì parí, kò lọ. Nígbà tó gbé adé dé, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kì í ṣe torí pé mi ò lọ ló fi kú. Àìsàn náà ti le kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ó ń béèrè. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà."

Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ṣòfin. Wọ́n ti di mẹ́jọ báyìí, orúkọ wà nínú ìwé, ẹni tí kò bá lè lọ lọ́jọ́ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa dípò rẹ̀. Ìdánwò ò sí lára àwáwí. Ẹni tó bá fẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè ya fọ́tò, kó gbé mílíìkì rẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì, kó máa lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ó wọ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyẹn ti le jù. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ adé yẹn, mi ò lè bá wọn jiyàn mọ́.

BẸ́Ẹ̀DÌ TÓ ṢÓFO

Ìwé orúkọ yẹn náà ló gba ọmọ alẹ́ja ti Ìbà là. Wọ́n ti fún ọmọ náà lóògùn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ó kù kí wọ́n tún fún un lóògùn fún oṣù bíi mélòó kan. Ikùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ti ń jẹun. Ìyá rẹ̀ wò ó pé ara rẹ̀ ti yá. Fíríjì tó fi ń tọ́jú ẹja, ó ti tà á. Kò lọ mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣí lọ́wọ́ wa nìyí, nígbà tí ara wọn bá yá díẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù sílẹ̀ yóò tún padà wá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà tí Akáǹtì rí i nínú ìwé rẹ̀ pé ọmọ náà kò wá lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wọn lọ sílé. Ilé àdúrà kan ní Òkókómaikò ló ti bá ìyá náà. Kò bá a jà. Wòlíì ibẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ fún, ó ṣàlàyé. Bàbá náà ní, "Ọmọ mi, èmi ò sọ pé kó má gba abẹ́rẹ́. Ẹ gbé e lọ, àdúrà á máa bá a lọ." Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n jọ wọ mọ́tò ni. Láti ìgbà náà, ẹnì kan nínú àwọn mẹ́jọ yẹn ló ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ń dá owó mọ́tò jọ. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí l'Ékòó, bíi Children Living With Cancer Foundation tí Dókítà Nneka Nwobbi dá sílẹ̀, àti The Dorcas Cancer Foundation.

Nígbà tí a dé láti ìgboro ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ̀ lé Akáǹtì dé Ìbà. Ọmọ náà ń gbá agolo nínú ọgbà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù, àpá iṣẹ́ abẹ náà gba ikùn rẹ̀ kọjá bí ọ̀nà márosẹ̀. Ó ti gba òògùn tó gbẹ̀yìn. Dókítà kò tíì ní ó ti bọ́ pátápátá, ó ní kí wọ́n ṣì máa wá fún àyẹ̀wò. Ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹja padà, èyí tó lè tà tán lójúmọ́ nìkan ló ń rà. Ó fún mi ní àga, ó ní, "Bùrọ̀dá yìí, kì í ṣe ọmọ ìyá mi o. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ti kọ ọ́, Màmá.

Ẹ̀yin òbí wa, tí ẹ bá rí i pé ikùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń wú, tí ibà rẹ̀ ò lọ, tí ara rẹ̀ ń funfun, tó ń tiro láìṣubú, tàbí tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ tí ẹyinjú rẹ̀ kan ń tàn funfun bíi ti ológbò, ẹ má dúró de aràn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ má já a sílẹ̀. Ẹ̀yin sitúdẹ́ńtì tẹ́ ẹ sì fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà yín dáadáa.

Bí mo ṣe ń jáde, ọmọ náà dá agolo rẹ̀ dúró, ó kígbe pe Akáǹtì: "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa mú wa lọ ní Túsìdeè?" Akáǹtì yọ ìwé rẹ̀, ó ṣí i, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló tó dáhùn pé, "Èmi ni."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọmọ sunkún o. Mo wọ Márúwá padà sí Ìyànà-Ìbà. Àwọn kọ́ńdọ́ ṣì ń pe Máìlì Tù.